Kéèkì Oníràwọ̀ Àǹtí Péjú

Obìnrin kan wà ní Redan, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, tí kì í jẹ́ kí ọdún ẹnikẹ́ni kọjá lásán. Péjú lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ rẹ̀, Ìyá Ọdún ni gbogbo wọn ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. Kérésì dé, ó jó. Àjíǹde dé, ó jó. Iléyá, ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, ọdún àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ń tan fìtílà, ọjọ́ òmìnira àwọn ará Mẹ́síkò, kò sí èyí tí Péjú kò ní bá oníǹkan ṣe ju bí oníǹkan fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ ṣe é lọ. Ẹ má dá a lẹ́jọ́ o, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọdún méjìlá ló fi wẹ àwọn àgbàlagbà nílé ìtọ́jú kan ní Buford, tó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn, kí ọ̀gá tó ṣàkíyèsí pé níbi tí obìnrin yìí bá ti ń kọrin, àwọn tí kì í dìde máa ń fẹ́ dìde. Ni wọ́n bá gba ike omi lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó kúkú máa dá àwọn arúgbó lára yá. Háà! Ṣe ni wọ́n ní kí ọ̀bọ gun igi.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Díákónẹ́ẹ̀sì ni ní ìjọ wọn. Wákàtí kan gbáko ló fi ń wakọ̀ láti Redan dé Buford láràárọ̀, orin ló sì ń kọ láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ibi tó ń páàkì sí. Tí traffic bá di pa, á sọ gíláàsì kalẹ̀ kí àwọn aládùúgbò lè gbádùn ègbè. Àwọn kan á fọn fèrè mọ́tò láti fi lé e lọ. Òun náà á fọn tiẹ̀ padà, ó rò pé wọ́n ń bá òun gbè é ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Ìyá Ọdún kò rí mú. Bà Liên ni, màmá ará Vietnam tí ọmọ wọn mú wá síbẹ̀ lóṣù Kejìlá. “Bà” ni àwọn ará Vietnam máa ń pe ìyá àgbà. Àwọn náà kì í pe àgbà lórúkọ gbáláú, Péjú sì ti tìtorí èyí nìkan gbà pé ìbátan ni wọ́n jẹ́ sí Yorùbá. Màmá yìí kéré, wọ́n mọ́ tónítóní, irun wọn funfun báláú, ẹsẹ̀ wọn sì le. Kò sí ohun tó ní kí wọ́n má rìn. Síbẹ̀, odindi oṣù márùn-ún, wọn kò jáde sí gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀kan, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jẹun. Oúnjẹ á bá wọn ní yàrá, ààbọ̀ rẹ̀ á padà wá, nígbà mìíràn odindi. Lọ́jọọjọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì á gbé màmá sórí ìwọ̀n, á sì rí i pé màmá tún ti fúyẹ́ sí i.

Ọmọ wọn obìnrin ń jẹ́ Joanna. Atlanta ni wọ́n bí i sí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan láàárín ìlú. Lọ́jọ́ kan, ó wá jókòó ti Péjú, omi ń dà pòròpòrò lójú rẹ̀. Dókítà ti sọ̀rọ̀: bí oṣù karùn-ún ọdún bá fi parí tí màmá kò tíì máa jẹun, àfi kí wọ́n gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń fi rọ́bà bọ́ èèyàn. Péjú gbá àyà gbàmù. Ó ní, “Joanna, nu ojú rẹ. Rọ́bà kẹ̀? Kò ní ṣojú mi. Màmá yẹn á jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú wa, wọ́n á sì jẹun. Bí wọn ò bá jẹ ẹ́, kí n má jẹ́ Péjú mọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sùn dáadáa. Ó gbé orin lọ bá màmá, màmá ní ẹ ṣeun, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Ó gbé òdòdó lọ, wọ́n ní ẹ ṣeun. Ó mú ajá kékeré kan lọ, wọ́n ní ajá náà rẹwà, ẹ ṣeun. Háwù! Irú ẹ ṣeun wo nìyí?

Àfìgbà tí fóònù kó bá a. Ó ń jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù pé kí wọ́n sọ ọjọ́ ọdún ìlú Vietnam fún òun. Fóònù ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹrin. Ó ní ọjọ́ ìsinmi ni, wọ́n á so àsíá káàkiri, wọ́n á yìnbọn aláràbarà sójú ọ̀run, nítorí pé lọ́jọ́ náà ni ogun ọlọ́dún gbọọrọ parí, tí àríwá àti gúúsù di ọ̀kan. Ibi tí Péjú kà dé nìyẹn. Ẹni tó ń wá ayọ̀ kiri, tó bá ti rí ayọ̀, ṣé yóò tún jókòó máa ka ìsàlẹ̀ ìwé ni?

Ó fò lọ sí kíṣìnnì. Olúdáre ni alásè wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọkùnrin gìrìwò kan tó jẹ́ pé tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò ní rí ìta.

“Olúdáre! Kéèkì! Kó pupa fòò bí àsíá Vietnam, kó ní ìràwọ̀ yẹ́lò kan láàárín.”

“Aunty, ṣé ẹ ti bi ọmọ màmá náà léèrè?”

“Ìwọ Olúdáre yìí, ṣé wọ́n máa ń bi èèyàn léèrè kí wọ́n tó ṣe surprise fún un? Po ìyẹ̀fun, jàre.”

Surajudeen, tó ń wa bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn arúgbó lọ rí dókítà, ló gun àkàbà. Ọgọ́ta àsíá kéékèèké ló so mọ́ òkè gbọ̀ngàn, gbogbo rẹ̀ pupa oníràwọ̀. Òun náà ló rí orin kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orin àwọn ológun Vietnam, tó ń lọ gbì-gbì-gbì bí ẹsẹ̀ àwọn tó ń yan. “Aunty, eléyìí máa gbé òkú dìde,” ni Surajudeen wí, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ń yan lórí àkàbà.

Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni ọgbọ̀n ọjọ́ náà bọ́ sí. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀, gbogbo nǹkan ti tò. Àwọn arúgbó ti jókòó yí tábìlì ká, kálukú mú àsíá dání, wọn kò tilẹ̀ mọ ìlú tó ni ín. Péjú ní kí orin bẹ̀rẹ̀. Orin gba ilé kan. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí ilẹ̀kùn yàrá kẹrìnlá fi ṣí.

Bà Liên ni! Wọ́n jáde! Wọ́n wọ sálúbàtà inú ilé, wọ́n ń bọ̀ ní kọ́ríìdọ̀ fúnra wọn, wọ́n tẹ́tí bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè. Péjú fò sókè, ó tún fò, ó gbá Olúdáre létí níbi tó ti ń fò láìmọ̀. “Wọ́n ń bọ̀! Jésù ṣeun! Wọ́n ń bọ̀!”

Màmá dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo àwọn àsíá náà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Wọ́n wo kéèkì. Wọ́n wá wo Péjú lójú, ojú wọn kò sì ní ìbínú kankan, ìyẹn ló burú jù. Wọ́n yíjú padà, wọ́n rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ sí yàrá wọn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn látinú. Surajudeen pa orin.

Péjú kò mọ ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ti ṣe é. Ó sáré pe Joanna. Ó ròyìn fún un. 

“Aunty Péjú,” ni Joanna wí, “ní Vietnam, ọjọ́ ọdún ni lóòótọ́. Lọ́jọ́ yẹn, lọ́dún 1975, ni àwọn ọmọ ogun àríwá wa ọkọ̀ ogun wọ Saigon, tí ogun fi parí. Àwọn tó wà nílé ń fi jó títí dòní. Ṣùgbọ́n ará gúúsù ni màmá mi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sá kúrò nílùú. Ohun tó gbé ọ̀pọ̀ wa dé Atlanta nìyẹn. Àsíá tiwa, yẹ́lò ni, ìlà pupa mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Èyí tí ẹ so yẹn ni ti àwọn tó lé wọn. Aunty, ọ̀fọ̀ ni màmá mi ń ṣe lónìí.”

“Yéè! Mo gbé!” Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Péjú. “Olúdáre, mo dáràn! Mo bá ọlọ́fọ̀ yọ̀!”

Nígbà tí Olúdáre gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó jókòó. “Aunty, ó wá dà bí ìgbà tí wọ́n wọ́gi lé ìbò June 12, kí òyìnbó kan gbé kéèkì wọlé bá bàbá mi, kó ní ẹ kú oríire o.”

“Kí ni bàbá rẹ máa fi kéèkì náà ṣe?”

“Orí òyìnbó náà ni wọ́n máa fọ́ ọ mọ́.”

Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Péjú sunkún díẹ̀, ó sì nu ojú, nítorí ẹkún kì í tún nǹkan ṣe. Nílé wa, ẹni tó bá ṣẹ àgbà kì í dá lọ bẹ̀ ẹ́. Á wá ẹlẹ́bẹ̀. Ó ní kí Surajudeen já gbogbo àsíá yẹn kúrò, kí Olúdáre gbé kéèkì sá pamọ́. Olúdáre jẹ ìràwọ̀ náà nídìí fíríìjì kí ẹ̀rí má bàa sí. Lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá kẹrìnlá. Péjú kúnlẹ̀. Surajudeen dọ̀bálẹ̀. Olúdáre náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kọ́ríìdọ̀ sì kún dí. “Bà, ẹ jọ̀ọ́! Bà, ẹ dákun! A ò mọ̀ ni!” Ilẹ̀kùn kò ṣí.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí Bàbá Eli ń bọ̀ lórí ọ̀pá onírin wọn. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni bàbá yìí, òyìnbó ará Covington, ojú wọn kò sì ríran jìnnà mọ́. Wọ́n rí ọkùnrin méjì nílẹ̀, obìnrin kan lórí eékún. Ìgbà wo ni wọ́n máa bèèrè? Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fa okùn pupa tó wà lára ògiri, aago sì bẹ̀rẹ̀ sí í han. “Èèyàn mẹ́ta ti ṣubú!” ni Bàbá Eli ń kígbe. “Gáàsì ti ń pa wọ́n lọ! Ẹ má mí sínú!” Nọ́ọ̀sì méjì sáré dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ọ̀kan kọsẹ̀ lára Olúdáre, òun náà bá wọn wà nílẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bà Liên yọjú. “Ta ló kú?” ni wọ́n bèèrè.

“Kò sẹ́ni tó kú, Bà,” ni Olúdáre wí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. “Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀.”

“Ẹ dìde.”

“A ò lè dìde, Bà. Nílé wa, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé ẹ ti gbọ́.”

Ó wá yé Bàbá Eli. Wọ́n ṣí fìlà. “Màdáámù,” ni wọ́n wí, “mi ò mọ ohun tí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́. Ọkùnrin ńlá yìí ló ń se oúnjẹ wa.”

Ẹnu màmá gbọ̀n díẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ bò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ sóde. “Mo ti gbọ́,” ni wọ́n wí. Wọ́n wá nawọ́ sí Péjú. “Ìwọ, wọlé.”

Lórí àpótí kan nínú yàrá náà, àwòrán obìnrin kan wà, tó wé gèlè funfun, ọsàn kan tó ti gbẹ sì wà níwájú rẹ̀. “Ìyá mi nìyẹn,” ni Bà Liên wí. Gẹ̀ẹ́sì wọn ṣe ṣókí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tí kò yé Péjú. Lọ́jọ́ tí wọ́n sá, ọkọ wọn rí àyè nínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kúrò ní Saigon. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Bà nígbà náà. Wọ́n fa ìyá wọn lọ́wọ́, ìyá kọ̀. Ìyá ní ta ni yóò máa wo ibojì bàbá? Ó di ìrẹsì sínú aṣọ fún wọn, ó ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n má ṣe bojú wẹ̀yìn.

“Mo bojú wẹ̀yìn,” ni Bà wí. “Àbúrò mi ọkùnrin wà lára àwọn ọmọ ogun àríwá tó ń wọ̀lú bọ̀. Ó jó ní títì lọ́jọ́ náà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, òun ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Èmi ń sunkún lójú omi. Ìyá kan náà ló bí wa. Òun ò parọ́, èmi náà ò parọ́.”

Ìyá kú lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Oṣù mẹ́ta ni lẹ́tà fi rìn kó tó dé. Láti ìgbà náà, láràárọ̀, Bà á tan igi tùràrí mẹ́ta síwájú àwòrán yìí, wọ́n á gbé oúnjẹ síbẹ̀. Ìyá á kọ́kọ́ jẹ, kí ọmọ tó jẹ. “Nígbà tí mo dé ibí, wọ́n ní kò sí tùràrí, ẹ̀rọ tó ń mọ èéfín á pariwo. Oṣù márùn-ún, ìyá mi ò jẹun. Kí èmi wá lọ jókòó ní gbọ̀ngàn kí n máa jẹun, kí n máa pàtẹ́wọ́?”

“Bà, ṣé Joanna mọ̀?”

“Kò bèèrè. Ìwọ náà ò bèèrè. Ijó lò ń jó.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Péjú lára ṣinṣin. Ó jókòó sétí ibùsùn láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ rí ló jáde lẹ́nu rẹ̀. “Ìkirè ni ìyá tèmi kú sí, Bà. Mi ò ní ìwé àṣẹ nígbà náà, mi ò lè lọ. Orí fóònù ni mo ti ń wo ìsìnkú wọn, iná fóònù sì tán kí wọ́n tó bo erùpẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo wá síbi iṣẹ́, mo jó fún àwọn arúgbó. Ẹ̀rù ń bà mí láti dúró.”

Bà sún mọ́ ọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e léjìká, ọwọ́ náà fúyẹ́ púpọ̀. Ibi tí ọwọ́ náà wà ni Péjú ti fò dìde lójijì, àfi bí ẹni tí èèrà ta.

“Bà! Inú ilé ni wọ́n sọ! Òfin náà ò dé àgbàlá!”

“Àgbàlá?”

“Àgbàlá o! Ojú ọ̀run ò ní ẹ̀rọ èéfín!”

Ẹ wá wo ìrìn! Bà Liên ló ṣíwájú, wọ́n mú tùràrí dání. Péjú gbé àwòrán mọ́ àyà. Olúdáre gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó ń rú èéfín, ó ń bèèrè lójú ọ̀nà pé, “Bà, ṣé ìyá yín máa ń jẹ ata?” Bà ní, “Ohun tí wọ́n bá fún un ló máa jẹ. Ebi ti pa á.” Surajudeen mú iná wá láti inú bọ́ọ̀sì, Bàbá Eli sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, wọ́n ń bèèrè ibi tí wọ́n ń lọ, wọn kò sì dúró gbọ́ èsì. Wọ́n dúró sábẹ́ igi páínì lẹ́yìn ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni atẹ́gùn pa iná náà, kí Surajudeen tó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ bò ó.

Péjú dúró jìnnà díẹ̀, ó gbójú sókè. Díákónẹ́ẹ̀sì ni, ẹ rántí. “Olúwa,” ló ń wí lábẹ́lẹ̀, “mi ò sí níbí. Ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe.” Màmá tẹrí ba nígbà mẹ́ta, wọ́n bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ lédè wọn, ọ̀rọ̀ náà gùn, oṣù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ igi tùràrí mẹ́ta mìíràn, wọ́n sì yíjú sí Péjú.

“Kí lorúkọ ìyá tìẹ?”

Péjú ya ẹnu láti sọ pé ìjọ òun kò fàyè gba èyí. Ojú pásítọ̀ yọ sí i fírí. Ṣùgbọ́n ohun tó gba ẹnu rẹ̀ jáde ni, “Rúùtù. Rúùtù Àbẹ̀kẹ́.”

Bà pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó wọ́ lọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ri igi mẹ́ta náà mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá wọn, wọ́n bu ìrẹsì síwájú rẹ̀. Eékún Péjú kan koríko. Kò sẹ́ni tó ní kó kúnlẹ̀. Ó sunkún bí ọmọ ọwọ́, sókè, láìbò ó, Olúdáre tó yẹ kó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún sì kọjú sí ògiri.

Màmá dúró títí tùràrí fi jó tán. “Wọ́n ti jẹun,” ni wọ́n wí. “Ó kan àwa.” Ọwọ́ kékeré yẹn gbá Péjú mú lọ́rùn ọwọ́, ó fà á dìde, ó fà á kọjá ẹnu ọ̀nà, ó fà á wọ gbọ̀ngàn níṣojú gbogbo àwọn arúgbó, ó sì fi í jókòó sídìí tábìlì. Olúdáre gbé àwo méjì síwájú wọn. Péjú kò lè gbé ṣíbí, ẹkún kò jẹ́. Bà Liên jẹ ẹ̀kan nínú àwo tiwọn, wọ́n gbé e mì, wọ́n tún jẹ èkejì. Wọ́n wá bu ìrẹsì sínú ṣíbí Péjú, wọ́n gbé e dé ẹnu rẹ̀.

“Jẹun, ọmọ mi.”